Okùn Ẹsẹ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Bírò pupa ni tíṣà Asabe fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù,
ní ìlà kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń béèrè àlébù ọmọ:
impẹ́dímẹ́ǹtì.
Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹ ṣé, mà.
Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo kì í bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́,
èmi tí mò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Tudun Wada, ní Zaria,
tí ọwọ́ mi mọ sípánà ju bírò lọ.

Bàbá Kazah ló là á yé mi.
Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ fádà ní Kafanchan
kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sára Lami, tó fi sá.
Látìn tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ,
ó sì máa ń fi hàn wá bí owó àtijọ́.
"Ẹsẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní,
ó fi ìka kan pẹ́dàlì tí mò ń dì lọ́wọ́.
"Òun àti eléyìí, ọmọ ìyá ni wọ́n.
Ọ̀kan ní kẹ́sẹ̀ máa yí, èkejì ní kẹ́sẹ̀ dúró.
Àní àwọn sójà Róòmù, orúkọ tí wọ́n sọ ẹrù wọn nìyẹn:
àgọ́, ìkòkò, ọlọ, gbogbo ẹrù wúruwùru
tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dójú ogun."

Mo rò ó títí.
Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ la máa ń dí: ìdíwọ́.
Tàbí ọ̀nà: ìdènà.
Ẹsẹ̀ ní tirẹ̀, ó kàn máa ń kọ ni,
òkúta a sì gba ẹ̀bi.
Ahọ́n wá ńkọ́? Kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́wọ́.
Ibo ni wọ́n ti rí i so?

Gbádébọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Láti Ìkìrun ni bàbá mi ti fi ránṣẹ́,
kò sẹ́ni tó ro ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Gb... gb... gb...
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀,
tí àwa tá a wà nínú ilé ń bi í pé ta nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Málàmù Habu ń jẹko lẹ́bàá rélùwéè,
okùn kúkúrú láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì.
Dabaibayi ni Habu pe okùn náà.
Ó ní èèyàn náà ń wọ̀ ọ́:
gbèsè, ẹjọ́ tó ti lọ́ mọ́ra wọn.
Kì í ṣe pé ẹranko náà ṣẹ̀ ẹ́,
kó má baà jìnnà lóru ni.
Ó fò tọ́ọ́, ó dúró, ó tún fò,
ó dé ìdí koríko tó wù ú.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀,
ó ń ro ẹjọ́ bọ́ọ̀lù ọ̀sán fún etí gígùn méjì,
ta ló gbá a, ta ló ṣubú, ta ni réfírì yàn jẹ,
geerege, bí omi ẹ̀rọ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Ọmọ mi ni.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò bá a parí ọ̀rọ̀ kankan.

Èmi máa ń bá a parí ẹ̀.
Ó bá ní "b... b...", mo ti ní "búrẹ́dì",
mo ti na owó sí i.
Bàtà ló fẹ́ sọ lọ́jọ́ kan.
Ó gba owó náà, ó lọ ra búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́.

Mo tú fọ́ọ̀mù náà. Gírísì ti wọ ìlà kẹrin.
Ìlà tó tẹ̀ lé e ṣófo: kí ni òbí rí sí i?
Ó rí mi, ó yọ lẹ́yìn ẹranko,
ó ní "Bà... b... b..."
Mo fi ọwọ́ dí ẹnu ara mi.
Ilẹ̀ ń ṣú. Okùn ń họ koríko.
Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀,
mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.